Ọ̀NÀ KAN KÒ WỌ ỌJÀ: Bí Wọ́n Ṣe Ń Ta Iná Mànàmáná ní Ilẹ̀ Jọ́ọ̀sì

Nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ wa ní kí n kọ nǹkan sínú ìwé yìí, mo sọ fún un pé ìwé mẹ́fà péré ni mo kà. Ó ní kí n kọ ohun tí mo mọ̀. Wáyà, gílóòbù àti ṣọ́kẹ́ẹ̀tì ni mo ń tà láti ọdún tí ó ti lé ní ọgbọ̀n. Nítorí náà, ìtàn iná ni n ó sọ.

Àwọn oníṣòwò ni ó kọ́kọ́ tan iná níbí

Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé ìjọba ni ó gbé iná dé ibi gbogbo ní Nàìjíríà. Ní Èkó, bẹ́ẹ̀ ni ó rí. Ní 1896 ni ìjọba òyìnbó gbé ẹ̀rọ iná kalẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Jọ́ọ̀sì, àwọn tí ń wa kùsà ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní 1923, wọ́n gbé ẹ̀rọ tí omi ń yí sí odò Kwall. Megawatt 2 ni agbára rẹ̀. Ní 1929, wọ́n dá kọ́ńpìnnì kan sílẹ̀ fún iná títà nìkan. Orúkọ rẹ̀ ni Nigerian Electricity Supply Company, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí NESCO. Ní Kurra, lápá Barkin Ladi, níbi tí omi ti ń já láti orí òkè, ni ó kọ́ ibùdó ẹ̀rọ ńlá sí.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú oníṣòwò wo ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi omi ṣe iná, owó ńlá ni yóò kọ́kọ́ rì sínú ilẹ̀: owó tí a fi sé odò, owó ẹ̀rọ, owó òpó àti ti wáyà. Oníbàárà wá o, oníbàárà kò wá o, owó náà ti rì. A lè sé omi òjò de ẹ̀ẹ̀rùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n iná tí ẹ̀rọ bá ti ṣe, lójú ẹsẹ̀ ni a gbọ́dọ̀ lò ó. Kò ṣeé ká sórí pẹpẹ di ọ̀la bí aṣọ.

Ta ni yóò wá rà á? Ní ayé ìgbà náà, bí iná bá dé ilé wa, gílóòbù méjì tàbí mẹ́ta ni a óò tàn nírọ̀lẹ́, a ó sì pa á sùn. Ṣùgbọ́n ní kùsà, ẹ̀rọ tí ń gbẹ́ ilẹ̀ àti èyí tí ń fa omi lè ṣiṣẹ́ tọ̀sán tòru. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n NESCO wà. Ó ti mọ ẹni tí yóò ra ọjà náà lójoojúmọ́ kí ó tó sé odò.

Olóòwò ńlá àti alágbàtà

Ní 1950, ìjọba dá ECN sílẹ̀ láti máa bójú tó iná ní àwọn ìlú. Ní 1972, wọ́n da ECN pọ̀ mọ́ ilé-iṣẹ́ tí ń bójú tó ìsédò Kainji, ó di NEPA. NESCO kò bá wọn jìjàdù. Ó ń ta iná fún wọn lápapọ̀, àwọn náà ń pín in fún ará Jọ́ọ̀sì. Bí ìyá wa tí ó ní ṣọ́ọ̀bù ńlá ṣe ń tajà fún àwọn alágbàtà ni. Ọ̀nà kejì tí ó wọ ọjà nìyẹn.

Ọdún tí kùsà kú

Ní oṣù October 1985, àjọ àgbáyé tí ń ra kùsà ní Lọ́ńdọ̀nù kí iye rẹ̀ má baà já, kò rí owó san mọ́. Iye kùsà já wálẹ̀ kíá, àwọn ibi ìwakùsà níbí sì ń tì lọ́kọ̀ọ̀kan.

Bàbá mi wá láti Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ kùsà ni ó ń ta aṣọ àwìn fún. Bí oṣù bá parí, èmi ni mo ń gbé ìwé àwìn tẹ̀ lé e lọ síbi tí wọ́n ti ń gbowó. Lọ́jọ́ kan a débẹ̀, a bá géètì ní títì. Ìwé àwìn méjì ni ó kún lọ́wọ́ bàbá mi, kò sí ẹni tí ó san kọ́bọ̀ nínú rẹ̀ títí di òní. Ọ̀pọ̀ ẹnìkejì rẹ̀ kó ẹrù padà sílé. Wọ́n mọ òwò ṣe dáadáa, ṣùgbọ́n oníbàárà kan ṣoṣo ni wọ́n ní.

Àwọn oníbàárà ńlá NESCO náà ni ó lọ yẹn. Ṣùgbọ́n kò kó ẹrù. Ó yíjú sí ilé, ṣọ́ọ̀bù àti ọlọ, àwọn oníbàárà kékeré tí kò kà sí gidi tẹ́lẹ̀. Bàbá mi rí èyí, ó ní, "Bí kùsà bá kú, ilé kò níí ṣaláì tanná." Ó ta ìyókù aṣọ, ó fi ra wáyà àti gílóòbù. Òwò tí mo jogún nìyẹn.

Bí wọ́n ṣe ń tà á lónìí

Ní November 2013, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń pín iná lé aládàáni lọ́wọ́. Mítà tí a ń sanwó sí kí a tó lo iná pọ̀ sí i, nítorí iná àwìn àti ìwé owó tí a fi ojú díwọ̀n ń dá ìjà sílẹ̀. Ní April 2024, wákàtí ni wọ́n wá ń tà: ẹni tí ó wà ní Band A, tí ó yẹ kí ó rí iná fún ó kéré tán wákàtí 20 lójúmọ́, ni kí ó máa san naira 225 lórí ẹyọ kan. Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, wọ́n dín in kù sí naira 206.80.

Ọ̀rọ̀ gbọ̀ngàn wa

Ẹ̀yin ènìyàn mi, gbọ̀ngàn tí a ń torí rẹ̀ kówó jọ lónìí dà bí odò tí a sé. Owó ńlá ni yóò rì sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ àríyá ọjọ́ Sátidé nìkan ni a ó máa lò ó fún, gílóòbù ìrọ̀lẹ́ ni a tàn yẹn. Mo mọ̀ pé àwọn àgbà kan ní ìtìjú ni kí ṣọ́ọ̀bù wà níwájú gbọ̀ngàn ẹgbẹ́. Mo dọ̀bálẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n. Ẹ jẹ́ kí a kọ́ ṣọ́ọ̀bù síwájú rẹ̀, kí àwọn ọmọ wa sì máa kọ́ èdè Yorùbá níbẹ̀ ní ọ̀sán. Owó ṣọ́ọ̀bù ni yóò máa tún òrùlé ṣe nígbà tí kò bá sí ìyàwó gbígbé.

Ẹ̀bẹ̀ mi kejì: ẹni tí ó bá dárúkọ owó lónìí, kí ó san án lónìí bí ó bá ṣeé ṣe. Mo ti gbé ìwé àwìn rí, mo mọ bí ó ṣe wúwo tó.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ àyà. Olúwa kò níí jẹ́ kí iná wa kú o. Àṣẹ.