Ọ̀mùtí Gbàgbé Ìṣẹ́: Àánú Tí Kò Ní Èèwọ̀

"Ọ̀mùtí gbàgbé ìṣẹ́, alákọrí gbàgbé ọ̀la." Ẹni tí kò bá tẹ́tí sí ohùn òwe yìí dáadáa lè gbọ́ ọ bí "iṣẹ́", èyí tí a ń jí lọ ṣe láàárọ̀. Ìṣẹ́ ni àwọn àgbà wí, òṣì tí í ṣẹ́ni. Wọ́n ti rí i pé bí ọtí bá ti wọ ara tán, onígbèsè á máa náwó bí ọba, ẹni tí òrùlé rẹ̀ ń jò á máa kọrin. Síbẹ̀, ohùn kan ṣoṣo ló ya ọ̀rọ̀ méjèèjì nípá, ẹni tó bá sì gbàgbé òṣì kò ní pẹ́ gbàgbé iṣẹ́ tó ń lé òṣì jìnnà sí i. Apá kejì òwe náà ló wá wúwo jù. Ojú ọ̀mùtí lè dá bí ilẹ̀ bá mọ́. Alákọrí ni ẹni tí ojú rẹ̀ ti dá, tí a kìlọ̀ fún, tó tún padà síbẹ̀. Àárín ọ̀mùtí àti alákọrí yìí ni ọ̀rọ̀ olùkọ́ eré tó mutí yó wakọ̀ wà. Èrò mi ni pé kò sí ìkà nínú gbígba ipò lọ́wọ́ rẹ̀. Àánú tí a ṣe láìfi èèwọ̀ kún un ló ń di ìkà, nítorí àwọn tí kò mutí ló ń san gbèsè rẹ̀.

Ẹ wo Bob Huggins, akọ́nimọ̀ọ́gbá bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ní àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà. Láti 1989 ló ti wà ní Yunifásítì Cincinnati nígbà tí ọlọ́pàá mú un fún ìmutíwakọ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2004. Wọ́n ní kó lọ rọ́kún nílé, wọ́n sì dá a padà sẹ́nu iṣẹ́ kí ọdún náà tó parí. Ó kúrò níbẹ̀ ní 2005. Ní 2007, Yunifásítì West Virginia, níbi tí òun fúnra rẹ̀ ti kàwé, gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ó kó wọn wọ àwọn mẹ́rin tó kẹ́yìn nínú ìdíje gbogbo orílẹ̀-èdè ní 2010, wọ́n sì ka orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn akọni eré náà ní 2022. Nígbà tó di ọjọ́ 16, oṣù kẹfà, 2023, ní ìlú Pittsburgh, ọlọ́pàá bá ọkọ̀ kan tó dí títì lálẹ́, táyà rẹ̀ ti fàya, agolo bíà òfìfo sì wà nínú àpò nínú ọkọ̀ náà. Huggins ló wà nídìí ọkọ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi yẹ èémí rẹ̀ wò kà 0.21, níbi tí òfin ti fi 0.08 ṣe òpin. Lọ́jọ́ kejì, yunifásítì kéde pé ó ti fipò sílẹ̀. Ó padà ní òun kò fipò sílẹ̀ bó ṣe yẹ. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ti parí.

Ìtàn yìí kì í ṣe àjèjì sí wa. Ọbàtálá ni Olódùmarè kọ́kọ́ rán wá dá ilẹ̀ ayé. Ó mu ẹmu lọ́nà, oorun gbé e lọ, Odùduwà sì gba iṣẹ́ náà ṣe. Olódùmarè kò ta á nù. Ó fún un ní iṣẹ́ mìíràn, pé kó máa mọ ènìyàn. Àwọn kan nínú àwọn onítàn ní ó tún mutí nídìí iṣẹ́ kejì yìí, ìgbà náà ló mọ abuké, arọ àti àfín. Ìtàn náà kò kan àwọn wọ̀nyí, tí à ń pè ní ẹni òrìṣà, lábùkù rárá: òrìṣà ló gba ẹ̀bi, ó sì di aláàbò wọn. Ẹ̀yìn èyí ni ẹmu di èèwọ̀ fún un àti fún àwọn olùsìn rẹ̀ títí dòní. Nígbà àkọ́kọ́, òun nìkan ló pàdánù. Nígbà kejì, ara ẹlòmíràn ni ọtí ti hàn. Èèwọ̀ tí ì bá ti bá iṣẹ́ kejì rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ kò tètè dé.

Ẹnìkan lè ní Huggins kò sí lẹ́nu iṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà, kò sì gbá ẹnikẹ́ni. Kí onítọ̀hún wo òpópónà àtijọ́ tó ti Ọ̀yọ́ gba Ìlọrà àti Fìdítì lọ sí Ìbàdàn. Ẹ̀bá títì gan-an ni àtẹ ọsàn wà ní Fìdítì, ẹsẹ̀ ẹni tó ń tà kò jìnnà sí ọ̀dà. Bí ọkọ̀ bá yà díẹ̀, àwọn ni yóò kọ́kọ́ bá. Pé ọkọ̀ kò gbá ẹnikẹ́ni lónìí, oríire ni, kì í ṣe ìwà rere awakọ̀. Ikú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lójú ọ̀nà wà lára ohun tó mú Wọlé Ṣóyínká ṣagbátẹrù ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní 1977, kí ti ìjọba àpapọ̀ tó dé ní 1988. Olùkọ́ eré ló sì ń kó ọmọ ọlọ́mọ sọ́kọ̀ lọ síbi ìdíje. Òbí kò ní ẹ̀rọ tí yóò fi yẹ èémí rẹ̀ wò. Ìwà rẹ̀ nìkan ni ẹ̀rí tí wọ́n ní.

Ẹlòmíràn á ní ẹmu kò ṣàjèjì nílẹ̀ Afijió, níbi tí Fìdítì àti Ìlọrà wà, pé kò sí ìgbéyàwó tàbí ìsìnkú àgbà tí agbè kò ní dé. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀mùtí ni òwe bá wí, kò bá ẹlẹ́mu jà. Èyí tó le jù ni ti àwọn tó ní àìsàn ni ọtí jẹ́ fún ẹlòmíràn, pé a kì í lé aláìsàn lẹ́nu iṣẹ́. Èmi náà gbà pé àìsàn ni. Ẹni tí ojú rẹ̀ ń fọ́ kò dẹ́ṣẹ̀, a ó sì wá ìtọ́jú fún un. Síbẹ̀, a kò ní fi kọ́kọ́rọ́ bọ́ọ̀sì ilé ẹ̀kọ́ sí i lọ́wọ́. Bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, a ó fi tòsì fà á mọ́ra: ọwọ́ méjèèjì ni òwe yẹn fẹ́ kó ṣiṣẹ́.

Nítorí náà, kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ wa ní Fìdítì àti Ìlọrà sọ èèwọ̀ náà fún géèmù másítà lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbà á, kó má ṣe jẹ́ ọjọ́ tí ọlọ́pàá bá mú un ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Bó bá rú u, kí wọ́n gba kọ́kọ́rọ́, kí wọ́n gba àwọn ọmọ, kí wọ́n wá ìtọ́jú àti iṣẹ́ mìíràn fún un níbi tí ẹ̀mí ẹlòmíràn kò ti sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlógún ló wà láàárín 2004 àti 2023 tí ọlọ́pàá mú Huggins. Ìbáwí tó bá dé nígbà tí ènìyàn ṣì jẹ́ ọ̀mùtí lásán lè gbà á lọ́wọ́ dídi alákọrí.