Láti Yàrá Òkùnkùn dé Ojú Kọ̀ǹpútà

Kí kọ̀ǹpútà tó dé, inú yàrá òkùnkùn ni àwọn ayafọ́tò ilẹ̀ wa ti ń fọ àwòrán. Iná pupa ni wọ́n ń tàn níbẹ̀, nítorí pé bébà fọ́tò dúdú-àti-funfun kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ ìmọ́lẹ̀ pupa lára.

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Adobe gbé Photoshop jáde ní ọdún 1990, iṣẹ́ yàrá náà bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ sójú kọ̀ǹpútà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọ̀ eérú tó mọ́lẹ̀ ni ó yí àwòrán ká. Ní ọdún 2012, ẹ̀dà CS6 sọ ọ́ di dúdú, ó sì fún wa ní àwọ̀ mẹ́rin láti yàn. GIMP, tí a kì í sanwó fún, ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2018 nínú ẹ̀dà 2.10.

Mo gbà pé èyí kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Eérú kan náà a máa dúdú lójú wa lórí funfun, a sì máa mọ́lẹ̀ lórí dúdú. Ẹ wo ẹni tí ó dúró ní Gbọ̀ngàn Mápó, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1929, tí ó ya àwọn òrùlé páànù tí ìpáàrà ti mú ní ìhà Bẹẹrẹ àti Ọjà'ba. Bí ojú bá tàn án, yóò sọ páànù àtijọ́ di tuntun.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, lórí Windows, ẹ ṣí Edit, kí ẹ tẹ Preferences, lẹ́yìn náà Interface, kí ẹ sì yan àwọ̀ eérú. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọmọ tí yóò fi àwòrán yín kọ́ ìtàn Ìbàdàn yóò gba irọ́ gbọ́.