Ọ̀rọ̀ Ìkẹyìn Aláìsàn

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé àṣà Yorùbá ni ó ní kí á fi bí àìsàn ti le tó pamọ́ fún ẹni tí ń ṣe. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀ tán. Lóòótọ́, a kì í wí fún aláìsàn pé yóò kú. Ṣùgbọ́n láyé àtijọ́, bí àgbà bá ti rí i pé ọjọ́ ti lọ, òun gan-an ni yóò pe àwọn ọmọ jọ. Yóò sọ ẹni tí ó jẹ òun lówó àti ẹni tí òun jẹ, ibi tí kí wọ́n sin òun sí nínú ilé, àti ẹni tí yóò máa tọ́jú àbíkẹ́yìn. Ọmọ wo ni yóò láyà láti yí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ padà?

Nígbà tí ilé ìwòsàn òyìnbó dé, bí irú èyí tí àwọn àlùfáà Ìjọ Àgùdà dá sílẹ̀ ní Lantoro, Abẹ́òkúta, ní 1895, àṣẹ bọ́ sọ́wọ́ oníṣègùn. Àwọn ọmọ wa tí ó di dókítà lẹ́yìn náà kò yí i padà. Àkọ́bí ni wọ́n ń pè sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bàbá a wà lórí bẹ́ẹ̀dì, a máa wo òrùlé.

Ẹjọ́ kan wà tí ó tako ìwà yìí. Ní 1991, obìnrin kan tí ó jẹ́ Ẹlẹ́rìí Jèhófà, tí kò tíì pẹ́ tí ó bímọ, kọ̀ kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí òun lára. Ó tilẹ̀ ní ìwé tí ó fọwọ́ sí. Dókítà Okonkwo tọ́jú rẹ̀ láìlo ẹ̀jẹ̀, obìnrin náà sì kú. Ìgbìmọ̀ tí ń bá àwọn dókítà wí dá a lẹ́bi, wọ́n dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́ fún oṣù 6. Ní 2001, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ilẹ̀ Nàìjíríà dá dókítà láre. Adájọ́ Ayoola, tí ó kọ ìdájọ́ àgbà, fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé àgbàlagbà tí iyè rẹ̀ pé lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ ìtọ́jú.

Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti 2014 tún ní kí wọ́n ṣàlàyé àìsàn, ìtọ́jú àti ẹ̀tọ́ láti kọ̀, ní èdè tí aláìsàn gbọ́, bí ó bá ṣeé ṣe. (Àwa olùkọ́ èdè kò tíì ṣe tó nínú iṣẹ́ yìí.) Ṣùgbọ́n òfin náà fi ilẹ̀kùn kan sílẹ̀ gbayawu: bí ẹ̀rí tí ó lágbára bá wà pé gbígbọ́ yóò pa aláìsàn lára, dókítà lè fi bí àìsàn náà ti rí pamọ́. Ẹnu ọ̀nà yẹn ni dókítà àti àkọ́bí ṣì ń gbà jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Màmá tí wọ́n ń torí rẹ̀ sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ kò tíì sọ ẹni tí yóò jogún aṣọ òfì rẹ̀, tàbí bóyá ilé ni òun fẹ́ kú sí.