Yàrá Ẹ̀yìn Ilé-Ìkàwé, àti Àwọn Ọmọ Tó Ń Wọ Ibẹ̀

Ojú káńtà ni ọ̀pọ̀ ọmọ mọ̀ nínú ilé-ìkàwé ìjọba. Wọ́n á gbé ìwé fún un, wọ́n á lu òǹtẹ̀ ọjọ́ tí yóò dá a padà, ó di ilé. Àmọ́ kí ìwé yẹn tó dórí pẹpẹ, iṣẹ́ ńlá ti kọjá lórí rẹ̀ nínú yàrá ẹ̀yìn, ọmọ tí kò bá sì mọ iṣẹ́ náà yóò máa rí ilé-ìkàwé bí ilé àlejò.

Ní Ìsánlú ní ilẹ̀ Yàgbà, àti gbogbo ilẹ̀ Okun, òkèèrè ni ètò ilé-ìkàwé ìjọba ti ń wá. Nígbà tí Yàgbà wà lábẹ́ Kábà nínú Ẹkùn Àríwá, Kàdúná ni olórí ètò náà wà, àwọn yàrá ìkàwé tí ìjọba ìbílẹ̀ ìgbà náà (Native Authority) dá sílẹ̀ sì wà ní ọ̀pọ̀ ìlú Àríwá. Ní 1963, F. A. Sharr, tó wá láti Ọsirélíà, kọ ìròyìn kan fún ìjọba Kàdúná lórí ohun tí Àríwá nílò ní ti ilé-ìkàwé. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, wọ́n dá ìpínlẹ̀ sílẹ̀, Yàgbà bá Kwara lọ, olú-ìlú di Ìlọrin. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ 1991, a tún bọ́ sínú Kogí, olú-ìlú di Lọ́kọ́ja. A lè gé ilẹ̀ sí méjì kí apá kọ̀ọ̀kan ṣì jẹ́ ilẹ̀, ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ ilé-ìkàwé kò rí bẹ́ẹ̀: bí a bá pín àwọn ìwé, káàdì tó ń júwe gbogbo wọn kò bá apá kankan mu mọ́.

Yàrá ẹ̀yìn ló dùn jù láti sọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí ìwé tuntun bá dé, inú rẹ́jísítà ńlá ni wọ́n ń kọ́kọ́ kọ ọ́ sí: nọ́ńbà tirẹ̀, òǹkọ̀wé, àkọlé, iye tí wọ́n rà á tàbí ẹni tó fi tọrẹ. Lẹ́yìn náà ni òǹtẹ̀. Ọ̀kan máa ń wà ní ojú-ìwé àkọlé, òmíràn máa ń fara pamọ́ sí ojú-ìwé kan láàárín tí ilé-ìkàwé yàn fúnra rẹ̀, kí olè tó bá ya ojú-ìwé àkọ́kọ́ dànù má lè sọ pé òun ló ni ín. Káàdì ló kàn, èyí tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 12.5, tó ga tó 7.5: ọ̀kan fún òǹkọ̀wé, ọ̀kan fún àkọlé, ọ̀kan fún ohun tí ìwé dá lé. Wọ́n á lẹ àpò kékeré mọ́ inú ẹ̀yìn ìwé, wọ́n á sì lẹ nọ́ńbà pẹpẹ mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Nọ́ńbà pẹpẹ yìí ní ìtàn tirẹ̀. Melvil Dewey, ará Amẹ́ríkà, ló gbé e jáde ní 1876, tó pín gbogbo ìmọ̀ sí ọ̀nà mẹ́wàá, láti 000 dé 900. Èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló gba 420, Faransé gba 440. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún èdè Áfíríkà ni wọ́n sì fún mọ́ inú 496, tí Yorùbá fi bọ́ sí 496.333, tí lítíréṣọ̀ rẹ̀ sì wà ní 896.333. Ibẹ̀ ni Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti Fágúnwà, tó jáde ní 1938, ń jókòó sí. Lójú tèmi, ó yẹ kí wọ́n fi èyí han ọmọdé ní kùtùkùtù, kí ó mọ̀ pé èèyàn ló to pẹpẹ náà, àti pé ibi tí ẹni náà dúró sí ló ti ń wo ayé.

Àwọn ọmọ tí wọ́n máa ń ráyè wọ yàrá yìí jù ni láíbìrì pírífẹ́ẹ̀tì ilé-ẹ̀kọ́ girama. Àwọn ló ń lu òǹtẹ̀, tí wọ́n ń to ìwé padà, tí wọ́n ń lẹ èyí tó ya. Ti àwọn kéékèèké kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Ní 1953, UNESCO ṣe àpérò ní Ìbàdàn lórí ilé-ìkàwé ìjọba ní Áfíríkà, wọ́n sì ṣí ilé-ìkàwé àwòkọ́ṣe ní Ẹnúgù ní 1959. Ṣùgbọ́n ní ti àwọn ọmọ kéékèèké gan-an, ní Abadina, àdúgbò àwọn òṣìṣẹ́ kékeré ní Yunifásítì Ìbàdàn, ni Adétòún Ògúnṣẹ̀yẹ, obìnrin àkọ́kọ́ tó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Nàìjíríà, ti dá ilé-ìkàwé sílẹ̀ fún ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní àwọn ọdún 1970. Mo ka èyí sí iṣẹ́ ńlá, torí pé ọmọ tálákà ni ó kọ́kọ́ fi sí ọkàn.

Kọ̀ǹpútà ti gba ipò káàdì ní ọ̀pọ̀ ibi, ṣùgbọ́n òǹtẹ̀, nọ́ńbà ẹ̀gbẹ́ àti títo pẹpẹ ṣì ń fẹ́ ọwọ́ èèyàn. Ọ̀nà náà sì gba ibi méjì: ìwé lè ti ọwọ́ àwọn ọmọ wọ ilé-ìkàwé pẹ̀lú. Bí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Ìsánlú bá kó àlọ́ Yàgbà jọ tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́, ọ̀dọ̀ Ilé-Ìkàwé Orílẹ̀-Èdè, tí òfin dá sílẹ̀ ní 1964, ni wọn yóò ti gba ISBN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìwé. Òfin 1970 ní kí ẹni tó tẹ̀ ẹ́ kó ẹ̀dà mẹ́ta fún wọn: méjì yóò wà ní ìpamọ́ títí láé, wọ́n á fi ẹ̀kẹta ránṣẹ́ sí ilé-ìkàwé Yunifásítì Ìbàdàn.