Àwọn Tí Ojú Ọ̀nà Gbé Mì: Ìtàn Kíka Òkú Ìjàǹbá Ọkọ̀ ní Nàìjíríà

Àwọn àgbà wa kìlọ̀ pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ẹni tí ó bí mẹ́fà yóò sọ pé Ọlọ́run ló mọ iye wọn, nítorí ìbẹ̀rù pé bí a bá dárúkọ iye, ikú lè gbọ́ kí ó sì wá bu tirẹ̀. Èyí kò wá láti inú àìmọ̀ṣírò. Ìran tí ó ń ka owó ẹyọ ní igba-igba, tí ó sì ń di ọ̀kẹ́ kan, èyí tí í ṣe 20,000, sínú àpò, kò lè jẹ́ òpè nínú ìṣirò. Ohun tí a yàn láti má kà ni a kò kà. Ṣùgbọ́n irú kíkà kan wà tí dídákẹ́ lórí rẹ̀ ń pa ni lára: kíka àwọn tí ọkọ̀ ń pa. Òun ni mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ lónìí.

Reluwé Èkó dé Ìbàdàn ní 1901. Ní 1906, ọ̀nà tí mọ́tò lè gbà so Ìbàdàn pọ̀ mọ́ Ọ̀yọ́. Lẹ́yìn ìgbà náà ni àwọn ọkọ̀ akẹ́rù onípákó gbòde, àwọn tí a sọ ní bọ́lẹ̀kájà. Orúkọ náà kò nílò àlàyé fún ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá. Awakọ̀ fi ara rẹ̀ sábẹ́ ààbò Ògún tí ó ni irin, ó sì kọ àdúrà sí iwájú ọkọ̀ àti sí ẹ̀yìn rẹ̀. Mo máa ń rò ó pé bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ kọ ìtàn ohun tí ń ba Yorùbá lẹ́rù ní ọ̀rúndún tó kọjá, ara pákó ọkọ̀ wọ̀nyẹn ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀. Àdúrà pọ̀ níbẹ̀ ju àkọsílẹ̀ lọ.

Tábìlì ọlọ́dọọdún tí ìjọba àpapọ̀ ń lò bẹ̀rẹ̀ láti 1960. Ní ọdún òmìnira náà, ìjàǹbá 14,130 ni a kọ sílẹ̀. Ènìyàn 1,083 kú, 10,216 sì fara pa. Ní 1976, nígbà tí owó epo rọ̀bì ti mú kí mọ́tò pọ̀ bí eéṣú, ìjàǹbá di 40,881, òkú sì di 6,761. Láàárín ọdún méjèèjì yìí, ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin 1972, Nàìjíríà ti kúrò ní apá òsì ọ̀nà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi kọ́ wa, ó sì bọ́ sí apá ọ̀tún. Ọdún tí ó burú jù lọ nínú tábìlì náà ni 1982. Ìjàǹbá tí a kọ sílẹ̀ ní ọdún náà jẹ́ 37,094, ó kéré sí ti 1976, síbẹ̀ àwọn tí ó kú tó 11,382.

Ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀ wò ó, nítorí ibí ni ọ̀rọ̀ wà. Ní 1960, nínú ìjàǹbá 13 ni ènìyàn kan ti kú. Ní 1976, nínú ìjàǹbá 6. Ní 1982, nínú ìjàǹbá 3. Ẹnikẹ́ni yóò sọ pé eré àsápajúdé ló fà á, pé ọkọ̀ yára sí i, ọ̀nà sì gùn sí i. Òótọ́ wà nínú rẹ̀. Ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ṣí ní 1978, àwọn awakọ̀ sì rí ibi tí wọ́n ti lè tẹ iná mọ́tò mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi fura sí nǹkan mìíràn: bóyá àwọn ìjàǹbá kéékèèké ni kò wọ inú ìwé mọ́. Ẹni méjì kọlu ara wọn, wọ́n jáde, wọ́n bú ara wọn, àwọn èrò bá wọn dá sí i, wọ́n san owó panẹ́ẹ̀lì, ó parí. Kò sí ẹni tí ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ilẹ̀ Yorùbá ni akitiyan tí ó lérè jù ti bẹ̀rẹ̀. Ìjọba ológun ti dá ìgbìmọ̀ ààbò ojú ọ̀nà kan sílẹ̀ ní 1974, ṣùgbọ́n kò tọ́jọ́. Wọlé Ṣóyínká, tí ó ti kọ eré oníṣe kan lórí ojú ọ̀nà ní 1965, ń kọ́ni ní Yunifásítì Ifẹ̀ nígbà náà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn olùkọ́ ń kú lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀, ó sì sú u. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ayé ọjọ́un, tí Ọ̀ṣun òde òní wà nínú rẹ̀, ni ọ̀nà náà wà láti òpin dé òpin. Ní 1977, lábẹ́ gómìnà ológun David Jemibewon, ìpínlẹ̀ náà dá Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó tirẹ̀ sílẹ̀, Ṣóyínká sì wà ní ìdí rẹ̀. Wọ́n dúró lójú ọ̀nà, wọ́n ń dá àwọn awakọ̀ dúró, wọ́n ń kìlọ̀ fún wọn. Ní 1983, ìjọba àpapọ̀ tú wọn ká. Ọdún márùn-ún kọjá kí ìjọba ológun mìíràn tó tún gbé irú èrò kan náà dìde. Ní oṣù Kejì 1988, a dá Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ti ìjọba àpapọ̀ sílẹ̀, èyí tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí Road Safety, a sì fi Ṣóyínká ṣe alága ìgbìmọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́. Láti ìgbà náà ni kíkà ti di iṣẹ́ àjọ kan pàtó.

(Ní oṣù Kìíní 1, 2009, tí àjọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi dandan lé akoto fún àwọn ọlọ́kadà, àwọn kan nínú wọn de igbá mọ́ orí. A rẹ́rìn-ín nígbà náà. Ṣùgbọ́n owó akoto ni wọn kò ní.)

Ní ọdún 2016, àkọsílẹ̀ ìjọba sọ pé ènìyàn 5,053 kú lójú ọ̀nà. Àjọ Ìlera Àgbáyé, nínú ìwé tí ó gbé jáde ní 2018, fojú bù ú pé 39,802 ni. Èyí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́jọ. Kì í ṣe pé ẹnì kan lọ ka orí kọ̀ọ̀kan dé 39,802. Ìṣirò àfojúbù ni. Síbẹ̀, ó rọrùn láti rí ibi tí òkú ti ń jábọ́ nínú ìwé tiwa. Ẹ̀ṣọ́ a máa ka ẹni tí ó bá kú níbi ìjàǹbá. Ẹni tí a gbé dé ilé ìwòsàn, tí ó sì kú ní ọ̀sẹ̀ kejì, ta ni yóò padà wá kọ ọ́? Àgbáyé ka ẹni tí ó bá kú láàárín ọjọ́ 30 mọ́ òkú ìjàǹbá. Ẹni tí ọ̀kadà pa lọ́nà oko, tí wọ́n sin kí ilẹ̀ tó ṣú, kò bá ẹ̀ṣọ́ kankan pàdé. Ní 2024, ìjàǹbá 9,570 àti òkú 5,421 ni àjọ náà kéde. Ẹ pín in sí ọjọ́: ìjàǹbá 26 lójúmọ́, fún ìpínlẹ̀ 36 àti Àbújá. Kò tó ọ̀kan fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan! Ẹ̀yin tí ẹ ti wọ dáńfó rí láti Ọ̀shòdì, ẹ dá mi lóhùn.

Ohun tí ó yí padà jù ni pé ìwé náà kò sí nínú àpótí mọ́. Òfin àṣírí ìjọba ti 1962 ti mú kí òṣìṣẹ́ ìjọba máa bẹ̀rù láti fi fáìlì han ará ìta. Òfin Òmìnira Ìròyìn ti 2011 yí i padà: ẹnikẹ́ni lè béèrè láìsọ ìdí, ọ́fíìsì sì ní ọjọ́ 7 láti dáhùn. NBS, àjọ oníṣirò ìjọba àpapọ̀, ti gbé tábìlì ìjàǹbá sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, tí ó ya ọkùnrin sọ́tọ̀ kúrò lára obìnrin, àgbà kúrò lára ọmọdé, tí ó sì sọ ohun tí ó fà á. Ọ̀fẹ́ ni.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà fún ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ èdè. Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì tí ń ṣiṣẹ́ ààbò ojú ọ̀nà ti kọ ọ̀rọ̀ wọn àtijọ́ sílẹ̀, nítorí ó ń dún bí ohun tí ó ṣèèṣì ṣẹlẹ̀. Tiwa kò ní ìṣòro náà. Ẹni tí ó ṣe ọmọnìkejì rẹ̀ ní jàǹbá, ọwọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀. Láti ìpilẹ̀, ìjàǹbá ń béèrè ẹni tí ó ṣe é.

Àti ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀ pẹ̀lú. Ní Bìrìtìkó, láti 1949 ni ọlọ́pàá ti ń kọ ìjàǹbá tí ènìyàn bá ti fara pa sínú fọ́ọ̀mù kan náà, títí kan ibi gan-an, wákàtí, àti bí ojú ọjọ́ ṣe rí. Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ fún àwọn tí ó kú ní 1975. Ọmọ Yorùbá tí ń gbé ní Peckham lè ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀ kí ó rí gbogbo ìkọlù tí a kọ sílẹ̀ ní ìkóríta ẹnu ilé rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ń sọdá títì ní Òjóò lójoojúmọ́ yóò ṣí tábìlì NBS, yóò wá orúkọ Ọ̀yọ́, yóò sì rí i: láti Ìbàdàn títí dé Kìṣí, ìlà kan ṣoṣo ni.