Gbà-máà-bínú

Ọ̀rọ̀-orúkọ. Owó tí a fi tu ẹni tí a pa lára, tàbí tí a ba dúkìá rẹ̀ jẹ́, nínú.

*Iléeṣẹ́ adójútòfò san owó gbà-máà-bínú fún obìnrin tí ọkọ̀ gbá ní Ọjà-Ọba, Ìlọrin.*

Ìlò: Ọ̀rọ̀ náà dún bí ẹ̀bẹ̀, ṣùgbọ́n nílé ẹjọ́, ẹ̀tọ́ ni. Láti 1950 ni òfin Nàìjíríà ti pọn ọ́n ní dandan fún onímọ́tò láti ní ìwé adójútòfò nítorí ìpalára ẹlòmíràn. Ní Ìlọrin, àwọn àgbà a máa bẹ ẹbí pé kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún Ọlọ́hun. Ìyẹn ni ìdáríjì. Kì í ṣe gbà-máà-bínú. Bí ẹni tó fara pa bá wá fọwọ́ sí ìwé pé òun kò ní pẹjọ́ mọ́, ẹ̀tọ́ náà lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Fi wé *owó ìtanràn*, tí í ṣe ti ìjọba.