Ìgún, Ìgéjẹ, Ìfàya: Èdè Táyà Kẹ̀kẹ́ fún Ọ̀nà Yangí

Ẹni tó bá gun kẹ̀kẹ́ eré-ìje kúrò ní Bantama nílùú Kumasi, tó gba Sofoline lọ sí Abuakwa, orí ọ̀dà ló wà. Ìgbà tó bá yà sí ọ̀nà àwọn abúlé olóko kòkó ni yóò mọ ohun tí ilẹ̀ Asante fi ń dán táyà wò: yangí pupa, òkúta ṣóńṣó, kòtò tí àgbàrá gbẹ́, ẹrẹ̀ tó ń lẹ̀ mọ́ nǹkan lásìkò òjò. Táyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ṣe fún títì kì í pẹ́ níbẹ̀. Ó ní láti ra òmíràn, ó sì ní láti mọ bí yóò ṣe béèrè rẹ̀.

Ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ kó ṣeé ṣe ní Yorùbá pọ́nńbélé. Àwa Yorùbá kì í ṣe àlejò nídìí òwò kẹ̀kẹ́ ní Gánà. Kí òfin oṣù kọkànlá ọdún 1969 tó lé àwọn àjèjì tí kò níwèé ìgbélùú jáde, àwọn ọmọ Yorùbá wà lára àwọn tó ń ta ẹ̀yà kẹ̀kẹ́ láwọn ọjà ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí pánṣà, torí ọ̀rọ̀ yẹn ló ń ṣi àwọn tó ń ra táyà lọ́nà jù. Pánṣà kàn sọ pé afẹ́fẹ́ ti lọ ni; kò sọ ohun tó lé e lọ. Ẹni tó ń lẹ táyà lẹ́bàá ọ̀nà kì í sọ̀rọ̀ báyẹn. Bó bá ti yọ túùbù, tó rì í bọ omi, tó rí ibi tó ti ń hó, ohun tó ṣe é ló máa sọ: “Ẹ̀gún ló gún un, ẹ̀gbọ́n,” tàbí “Rímù ló gé e jẹ,” tàbí “Òkúta ló fà á ya.” Ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́ta, àìsàn mẹ́ta, oògùn mẹ́ta. Mo ní ká sọ wọ́n di orúkọ: ìgún, ìgéjẹ, ìfàya.

Ìgún kò le: ihò kan, ẹ̀gún tàbí ìṣó kan. Táyà tó ní ìtẹ́lẹ̀ líle lábẹ́ ojú rẹ̀ tó ń tẹ ilẹ̀ ni oògùn rẹ̀.

Ìgéjẹ ni èyí tó ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú ní ọ̀nà abúlé, kò sì sí ẹ̀gún kankan nínú rẹ̀. Táyà náà tẹ́ẹ́rẹ́, afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì dẹ̀. Ó já lu etí òkúta, ó tẹ̀ pẹlẹbẹ, òkúta àti rímù wá pàdé lórí túùbù. Ihò méjì ló sábà máa ń ṣẹ́kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì wo ihò méjì yẹn, wọ́n ní ejò ló ṣán an. Èmi ò fẹ́ ejò níbẹ̀. Rímù ni ká mú. Ẹni tó bá ti gbọ́ pé rímù ló gé túùbù jẹ ti mọ̀ pé òun gbọ́dọ̀ mú rímù jìnnà sí òkúta, kò sì sí ohun tó lè ṣe ìyẹn ju táyà tó fẹ̀, tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ tó. Mo ronú kan ìbùjẹ náà, àmọ́ ibùjẹ ẹran ti jókòó sí ìtòsí rẹ̀ jù.

Bákan náà ni ìya: ó kúrú, ó dùn ún pè, ṣùgbọ́n ó sún mọ́ ìyà. Ìfàya ló yẹ, nígbà tí òkúta bá la ẹ̀gbẹ́ táyà tí túùbù sì ń yọrí síta.

Mo sọ pé ẹ̀gbẹ́. Orúkọ ẹ̀yà ara ti wà lára táyà tipẹ́. Èyí tó bá ti jẹ tán, a ní kò lójú mọ́. Níbi tí ojú bá wà, ẹ̀gbẹ́ á wà, ètè náà á wà, ìyẹn etí tó ń wọnú rímù. Ohun tí rọ́bà bò mọ́lẹ̀ ni mo pè ní aṣọ, torí aṣọ ni lóòótọ́, òwú náílọ́ọ̀nù ni wọ́n sábà fi ń ṣe é. Àwọn tó ń ṣe táyà máa ń ka iye fọ́nrán tó wà nínú ínǹṣì kan: èyí tó ní 60, òwú rẹ̀ nípọn, ó ń gba ìyà; èyí tó ní 120, òwú rẹ̀ fẹ́lẹ́, ó ń rọ̀ mọ́ ilẹ̀, ṣùgbọ́n òkúta tètè ń là á. Ní Bonwire, níbi tí wọ́n ti ń hun kente nítòsí Kumasi, kò sẹ́ni tó máa béèrè ìdí tí iye òwú fi ṣe pàtàkì. Aṣọ tí òwú rẹ̀ nípọn ni mo yàn fún yangí, àgàgà ní ẹ̀gbẹ́. Ní ti ojú, kókó kéékèèké tó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹrẹ̀ ló ń fẹ́ kókó tó ga.

Ìfúnpá làwọn kan fẹ́ ká máa pe agbára afẹ́fẹ́ inú táyà. Ọ̀rọ̀ yẹn ti di ti ilé ìwòsàn, apá ni wọ́n sì ń fún níbẹ̀. Líle ni kí á lò: afẹ́fẹ́ le, afẹ́fẹ́ dẹ̀. Ẹni tó wọn nǹkan bíi kílò 75 lè nílò 85 psi nínú táyà mílímítà 25. Nínú ti mílímítà 38, nǹkan bíi 40 sí 45 ti tó. Ọ̀pọ̀ ṣì gbà pé bó bá ṣe le sí ló ṣe ń yá sí. Lórí yangí, táyà tó le jù máa ń ta sókè ni, agbára ẹsẹ̀ a sì ṣòfò.

Àyè ẹrẹ̀ ni mo pe àlàfo tó wà láàárín táyà àti férémù. Ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ eré-ìje àtijọ́ kò lè gba ju táyà mílímítà 25 tàbí 28 lọ. Ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó sanwó. Àwọn tó ń fi ọparun ṣe férémù ní Kumasi, bíi Ghana Bamboo Bikes Initiative ti Bernice Dapaah, lè fi àyè yẹn sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Nọ́ńbà ló ń dá wàhálà tó pọ̀ jù sílẹ̀. Kẹ̀kẹ́ Raleigh ńlá ayé àtijọ́ ń lo 28 × 1½. Táyà 700C ti kẹ̀kẹ́ eré-ìje náà, àwọn kan ń kọ 28 sí i lára. Wọn kò bára mu: ibi tí ètè ń jókòó sí nínú rímù jẹ́ mílímítà 635 ní ti Raleigh, 622 ní ti èkejì. Ibùjókòó ètè ni kí á máa béèrè. Bí ẹ bá rí 38-622, ìbú rẹ̀ ni 38, ibùjókòó rẹ̀ ni 622.

Ní ti ọ̀rọ̀ táyà, túùbù àti rímù, ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n. Ọmọ ilé ni wọ́n. Táyà tí kò ní túùbù ni mo pè ní aláìtúùbù, omi tí wọ́n ń dà sínú rẹ̀ sì ni oje adíhò, torí oje rọ́bà wà nínú ọ̀pọ̀ wọn. Igbó Asante ta irú oje bẹ́ẹ̀ sókè òkun gan-an láwọn ọdún 1890, lẹ́yìn tí Dunlop ti ṣe táyà aláfẹ́fẹ́ rẹ̀ ní Belfast ní 1888. Oje adíhò ń dí ìgún, kò sì sí túùbù tí rímù máa gé jẹ mọ́. Ìfàya ńlá ló borí rẹ̀. Fún ìyẹn, ẹ gé ègé kan lára ẹ̀gbẹ́ táyà ògbólógbòó, kí ẹ fi sínú àpò abẹ́ gàárì. Bí ẹ̀gbẹ́ bá ya lọ́nà, ẹ tẹ́ ẹ sínú níbi tó ya, kí ẹ ki túùbù bọ̀ ọ́, kí ẹ sì fún un ní afẹ́fẹ́ tó dẹ̀ díẹ̀. Ìtẹ́nú ni mo ń pè é.